Ìpàdé Tí Kò Ní Olórí, àti Olórí Rẹ̀

Bí ẹ bá wọ Ilé-iṣẹ́ Ìpàdé Adarí-Ara-Rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín máa bá pàdé ni àwòrán ọkùnrin kan tó fẹ̀ ju ilẹ̀kùn lọ. Ó wọ kóòtù, ó gbọ́wọ́ lé àyà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó yá wa ní ayé tó sì ń dúró de ọjọ́ tí a máa dá a padà. Lábẹ́ àwòrán náà, lẹ́tà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ GBÀGBÉ MI.

Àwòrán yìí wà ní yàrá ìpàdé. Ó wà ní ẹnu àtẹ̀gùn. Ó wà ní ilé ìtọ̀ àwọn ọkùnrin pàápàá, ní ọ̀kánkán ibi tí wọ́n ń dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, ta ló lè gbàgbé ẹni tó ń wo òun tọ̀?

Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ náà kò sì ní kọ́lọ́fín kankan. Bí ìjà bá wà láàárín àwọn èèyàn, ní ilé-ìwé tàbí ní ibùdókọ̀, wọ́n á pe gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn jọ, wọ́n á to àga yípo. Kò sí alága, kò sí tábìlì gíga, kò sí ẹni tó ti pinnu ohun tí wọ́n máa sọ. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn á dìde, á kọ ọ́ sórí pépà, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà bá wọ̀ lára á bá a jókòó ní igun kan. Òfin kan ṣoṣo ló wà, Òfin Ẹsẹ̀: ibi tí o kò bá ti rí nǹkan kọ́, tí o kò sì ní nǹkan fi kún un, gbé ẹsẹ̀ rẹ, máa lọ síbòmíràn. Atọ́kùn ni wọ́n ń pe àwọn tó ń ṣètò irú ìpàdé yìí. Atọ́kùn á ṣílẹ̀kùn, á ka òfin, á sì yàgò. Yíyàgò yẹn gan-an niṣẹ́.

Ọ̀gá wa, ọkùnrin inú àwòrán yẹn, lọ kọ́ iṣẹ́ yìí níbì kan fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Olùkọ́ arúgbó kan wí fún wọn níbẹ̀ pé atọ́kùn tó dáa jù lọ ni èyí tí àwọn èèyàn gbàgbé pé ó wà nínú yàrá. Àwọn yòókù gbọ́, wọ́n mi orí, wọ́n lọ jẹun. Ọ̀gá gbọ́ ọ ní tirẹ̀, ó sì pinnu pé kò gbọdọ̀ sí ẹni tí wọ́n máa gbàgbé tó òun láyé yìí, àti pé ẹni tó bá kọ̀ tí kò gbàgbé òun, ojú onítọ̀hún á rí màbo.

Nítorí náà, láràárọ̀, bí mọ́tò rẹ̀ bá ti yọ lẹ́nu géètì, akọ̀wé rẹ̀ á pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé yìí ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àmọ́ Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ni gbogbo ayé ń pè é. Bó bá ti pàtẹ́wọ́, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde, wọ́n á kẹ̀yìn sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á sì figbe ta:

"A ti gbàgbé yín, sà!"

"Ta lẹ gbàgbé?" Ọ̀gá á bi wọ́n.

"Ẹ̀yin ni, sà!"

"Ẹ ṣeun. Inú mi dùn pé ẹ ò rántí mi."

Lọ́jọ́ kan, òṣìṣẹ́bìnrin tuntun kan tí kò mọ̀ ọ́n rí kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Ẹ káàárọ̀ o, sà. Ta lẹ wá rí?" Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ibẹ̀ ló ṣì wà títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Àmọ́ nǹkan kan ń jẹ Ọ̀gá lọ́kàn. Adelé ló ṣì jẹ́. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn, "adelé," ló ń dí i lọ́nà oorun. Ìgbà tí Mínísítà wá kéde pé òun ń bọ̀ wá wo ìpàdé kan fúnra òun, Ọ̀gá mọ̀ pé ọjọ́ òun pé. Bí ìpàdé náà bá yọrí sí rere, adelé á di ọ̀gá pátápátá. Bí kò bá yọrí sí rere, wọ́n á wá ẹlòmíràn.

Ìjà tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni ti ilé ìwòsàn ńlá ìlú. Òfin wọn níbẹ̀ ni pé obìnrin tó ń rọbí, òun nìkan ló gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìbímọ. Ìyá kò gbọdọ̀ wọlé, ọkọ kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn nọ́ọ̀sì ní èrò ń dí àwọn lọ́wọ́. Àwọn ẹbí ní wọn ò lè ti ọmọ àwọn mọ́lé bí ẹni tó jalè. Wọ́n ti bú ara wọn, ẹnì kan sì ti fa fìlà nọ́ọ̀sì já.

Ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ilé Ọ̀gá náà. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí ti lóyún, oyún náà sì ti tó bí. Èyí tó kọ́kọ́ ní, òkú ni wọ́n gbé jáde, nínú yàrá yẹn kan náà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ rí, kò sí ẹnì kankan láti di ọwọ́ rẹ̀ mú. Láti ìgbà tí oyún kejì ti wọ oṣù rẹ̀, kò sùn dáadáa mọ́.

"Dádì," ó wí nídìí oúnjẹ, "mi ò lè dá wọ yàrá yẹn mọ́. Mo fẹ́ kí Mọ́mì wà lọ́dọ̀ mi. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́."

Ọ̀gá gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ẹnu, ó dìde dúró. Ẹni mẹ́ta péré ló wà nídìí tábìlì o, síbẹ̀ ó dìde.

"Ọmọ mi," ó ní, "bàbá rẹ kì í dá sí ọ̀rọ̀. Bàbá rẹ kì í ṣe nǹkan kan. Ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n bá ń ka àwọn tí kì í ṣe nǹkan kan, èmi ni wọ́n á fi ṣíwájú."

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, wò ó lókè, ó wò ó nílẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jókòó, ọbẹ̀ ń tutù. Ṣé ẹ máa mú ọ̀rọ̀ ọmọ yìí dé ìpàdé ni àbí ẹ ò ní mú un débẹ̀?"

"Èmi kì í mú ọ̀rọ̀ dé ìpàdé. Ìpàdé ló ń mú ara rẹ̀ dé."

"Ó dáa. Èmi á mú un débẹ̀ fúnra mi."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ìpàdé gbogboògbò ni, kò sẹ́ni tí wọ́n ń lé. Ẹ bá mi rántí pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́, ó kó gbogbo atọ́kùn jọ, ó ní kí wọ́n wá fi ìrírí wọn bá ara wọn sọ̀rọ̀, kí oníkálùkù wí bó ṣe ń jọ̀wọ́ ìpàdé sílẹ̀ kó máa lọ fúnra rẹ̀. Èrò tó dáa nìyẹn, ká má parọ́ mọ́ ọn. Ìyá Àgbà, tó ti pẹ́ jù nínú wọn, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Èmi o, tí wọ́n bá ti jókòó tán, mo máa ń lọ fọ ife. Tí ara bá ń ta mí pé kí n dá sí ọ̀rọ̀ wọn, mo tún ife yẹn fọ̀. Ìpàdé kan wà tí mo fọ ife títí ọwọ́ rẹ̀ fi yọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Atọ́kùn kan tó jẹ́ awakọ̀ tẹ́lẹ̀ ní òun ní tòun, òun máa ń jókòó lé ọwọ́ òun méjèèjì ni. Òmíràn fẹ́ sọ tirẹ̀, àmọ́ Ọ̀gá ti dìde.

"Ẹ ti sọ̀rọ̀ dáadáa," ó ní. "Ó wá kù kí n ṣàlàyé ohun tí ẹ sọ fún yín."

Ó ṣàlàyé é. Ó sọ̀rọ̀ lórí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ títí omi fi gbẹ lẹ́nu àwọn tó ń gbọ́ ọ. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n ra ife fún atọ́kùn kọ̀ọ̀kan, kí àwòrán òun wà lára rẹ̀, kí wọ́n sì máa fọ̀ ọ́ pa pọ̀ nígbà tí òun bá gbọ́wọ́ sókè. Lẹ́yìn náà ló wá gbé òfin ńlá rẹ̀ kalẹ̀.

"Láti òní lọ, atọ́kùn kò gbọdọ̀ dáhùn ìbéèrè kankan. Ẹni tó bá ń dáhùn ìbéèrè ti ń darí ìpàdé nìyẹn. Ta ni ì báà bi yín, ì báà jẹ́ èmi tí mo dúró yìí, ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ la ọwọ́ yín báyìí, kí ẹ wí pé: Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò?"

"Ọgbọ́n rèé!" Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà kígbe. "Ṣé ká kọ ọ́ sílẹ̀, sà?"

"Kí ni ìwọ fúnra rẹ rò?"

"Mo rò pé ká kọ ọ́ sílẹ̀, sà."

"O ò ronú dáadáa."

Wọ́n fi odindi ọ̀sán kan kọ́ ọ. Bó bá bi wọ́n ní ìbéèrè tí ẹnì kan fẹ́ yọ ìdáhùn lẹ́nu, ó máa fi ìka nà án, á ní kó jáde lọ dúró nínú oòrùn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, bí ẹ bá bi atọ́kùn kan pé kí ni orúkọ ìyá rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa dáhùn.

Ó ku ìpàdé fúnra rẹ̀. Ọ̀gá ò lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kó máa lọ bó ṣe wù ú, lójú Mínísítà! Ó yan àwọn èèyàn rẹ̀ láàárín èrò, ó sì ń kọ́ wọn bí wọn ò ṣe ní múra sílẹ̀. Ọ̀kan máa dìde, á jọ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣàdédé sọ sí i lọ́kàn, á sì lẹ "Bí Inú Wa Ṣe Dùn sí Ilé Ìwòsàn Wa" mọ́ ògiri. Èkejì á lẹ "Ẹ̀rín Ẹnu Nọ́ọ̀sì." Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ló máa lẹ ẹ̀kẹta: "Gbogbo Ohun tí Ọ̀gá Kò Ṣe." Ọkùnrin kan tó ń ta bàtà wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ pé bí Ọ̀gá bá ti wúkọ́, kí ọ̀rọ̀ sú u, kó dìde gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹsẹ̀, kó rìn lọ sí igun kejì, kí Mínísítà lè rí i pé òmìnira wà.

Ọjọ́ pé. Yàrá ìpàdé kún, Mínísítà nìkan ni kò tíì dé. Wọ́n to àga yípo lóòótọ́, gbogbo rẹ̀ dọ́gba, àfi ọ̀kan tó ní tìmùtìmù tó sì ga. Ọ̀gá dìde lórí èyí tó ga, ó di gbohùngbohùn mú.

"Mo ti jọ̀wọ́ ìpàdé yìí sílẹ̀ fún yín!" ó wí, gbohùngbohùn náà sì ń han lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe ń fún un mọ́ra. "Láti ìṣẹ́jú yìí, mi ò sí níbí mọ́! Ẹ wò mí dáadáa kí ẹ lè rí i pé mi ò sí níbí!"

Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ, kò dáwọ́ dúró. Àwọn nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ń sùn lórí àga. Ìyá ọlọ́mọ kan fún ọmọ rẹ̀ lọ́yàn, ó gbé e pọ̀n, ó tún sọ̀ ọ́, Ọ̀gá kò tíì kúrò lórí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Nígbà tó wá jókòó, àwọn mẹ́ta tó ti yàn sáré lẹ pépà wọn, ọ̀kan tilẹ̀ lẹ tirẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó sọ sí i lọ́kàn.

Ìgbà náà ni aránṣọ dìde, pépà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga.

"Ọmọ mi fẹ́ bímọ. Èyí tó kọ́kọ́ bí kú, òun nìkan ló wà níbẹ̀ tó ń sunkún. Mi ò fẹ́ kó tún dá wà. Ohun tí mo fẹ́ ká sọ nìyẹn."

Ọ̀gá wo aya rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Ó fa gbohùngbohùn mọ́ra.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ògiri ti kún."

Pépà mẹ́ta ló wà lára ògiri náà. Ó gùn láti ẹnu ọ̀nà dé ibi fèrèsé.

"Ògiri yìí ṣì láyè," aránṣọ wí.

"Ìyá, ọ̀rọ̀ yín kò sí nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó máa ti ọkàn àwọn èèyàn wá lónìí!"

Ẹ tún un kà, ẹ̀yin ará. Èmi kọ́ ni mo fi sí i lẹ́nu.

"Ó dáa," obìnrin náà dáhùn. "Òfin Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Òfin Ẹsẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀! Mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wúkọ́!"

Aránṣọ ò dúró de ikọ́. Ó ká pépà rẹ̀ mọ́wọ́, ó jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé. Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ nígbà tí olórí àwọn nọ́ọ̀sì dìde, obìnrin líle tí gbogbo ẹbí aláìsàn ń bẹ̀rù. Ó ní, "Èmi ni mo wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tọ́mọ yẹn kú. Mo ṣì ń gbọ́ igbe ọmọbìnrin náà." Ó tẹ̀ lé aránṣọ jáde. Ìyá ọlọ́mọ gbé ọmọ rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní méjì-méjì, àwọn tó ń sùn pàápàá jí, wọ́n jáde.

Kí lẹ rò pé Ọ̀gá ṣe? Ó yára wúkọ́. Ó wú u gidi, kó lè dà bí ẹni pé òun ló ní kí wọ́n máa lọ. Bó ṣe wú u ni oníbàtà dìde, ọ̀rọ̀ sì sú u gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àmọ́ kàkà kó lọ sí igun kejì, ó bá èrò lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì àti ẹbí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ohùn líle bá ara wọn wí, ìyẹn ò ṣe é yẹ̀ sílẹ̀.

"Tí a bá ṣílẹ̀kùn, odindi agbo ilé ló máa wọlé," olórí nọ́ọ̀sì wí. "Ẹni tó bá ń dákú, ẹni tó bá ń pariwo, èwo ni ká tọ́jú?"

"Tó bá jẹ́ ẹnì kan péré ńkọ́?" aránṣọ bi í. "Ẹni tí aboyún fúnra rẹ̀ bá yàn."

"Kó fọwọ́. Kó wọ aṣọ wa. Kó sì dúró níbi orí, kó má wá síbi ẹsẹ̀. Aṣọ náà gan-an ni ò sí."

"Èmi á rán aṣọ."

Olórí nọ́ọ̀sì gbé ìka kan sókè. "Ẹnì kan péré o," ó ní.

"Ẹnì kan péré, ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi." Omi sì bọ́ lójú aránṣọ. Ìyá Àgbà wà nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń fọ ife tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá ti lọ sí ẹnu géètì láti pàdé Mínísítà. Bí Mínísítà ṣe wọlé, ó rí yàrá òfìfo, àwòrán ńlá, àti àga gíga kan. Ó gbọ́ ẹ̀rín láti ẹ̀yìn, ó sì gba ibẹ̀ lọ. Ó bá nọ́ọ̀sì àti ẹbí tí wọ́n ń bá ara wọn ṣeré.

"Ẹ kú ìjókòó o. Báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe rí?"

"A ti parí ẹ̀, mà!" wọ́n dáhùn.

Mínísítà ya ẹnu. Ìjà tó ti dá a lágara láti ọdún tó kọjá! "Ta ló darí yín?"

"Kò sẹ́ni tó darí wa, mà," oníbàtà wí.

Mínísítà yíjú sí Ọ̀gá, inú rẹ̀ dùn. "Ohun tí ẹ máa ń wí nìyí, àbí? Ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lóòótọ́."

Ẹ̀yin èèyàn, ọ̀rọ̀ ti dé orí rẹ̀. Ẹnu lásán ló kù kó pa dé. Kó rẹ́rìn-ín, kó tẹrí ba, kó ní ẹ ṣeun mà, adelé á sì di ọ̀gá pátápátá. Àmọ́ "kò sẹ́ni" yẹn ti gún un lọ́kàn. Kò sẹ́ni! Òun tí wọ́n ń gbàgbé láràárọ̀!

"Èmi ni!" ó kígbe. "Èmi ni mo darí rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n sọ tí kò ti ọwọ́ mi jáde!"

"Háà, ẹ kú iṣẹ́ o," Mínísítà wí. "Kí ni wọ́n wá fẹnu kò sí?"

Ẹnu géètì ni Ọ̀gá wà nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Ó yíjú sí àwọn atọ́kùn rẹ̀ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó rọra béèrè pé, "Kí ni wọ́n fẹnu kò sí?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo wọn la ọwọ́.

"Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò, sà?"

"Mo ní kí lẹ gbọ́ níbí?"

"Kí ni ẹ̀yin fúnra yín rò, sà?"

Ọ̀gá gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, ó sì yan èyí tó rò pé ìjọba á fẹ́ràn jù. "Wọ́n fẹnu kò pé... kí òfin dúró bó ṣe wà. Kí ẹnikẹ́ni má bá aboyún wọlé. Tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi fọwọ́ sí i, mà."

Olórí nọ́ọ̀sì ló sọ òótọ́ fún Mínísítà, ó sì nawọ́ sí aránṣọ pé obìnrin yìí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, wọ́n sì ní ògiri ti kún.

"Ìyá, ẹ̀yin ta ni?" Mínísítà bi í.

Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀. Ojú ti obìnrin náà ju ti ọkọ lọ. "Ìyàwó ẹ̀ ni mí, mà."

Mínísítà ò pariwo. Ó ní ìpàdé tó bá lè darí ara rẹ̀ báyìí kò nílò ọ̀gá, àwọn atọ́kùn tó, òun á sì wá iṣẹ́ gidi fi owó ipò náà ṣe. Bẹ́ẹ̀-Ni-Sà ti gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀ tán, ó sì ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́, mà."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọmọbìnrin wọn rọbí. Aránṣọ fọwọ́, ó wọ aṣọ tó fúnra rẹ̀ rán, ó bá ọmọ rẹ̀ wọlé. Ọkọ ọmọ àti Ọ̀gá àná jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Ọ̀gá àná gba ọkọ ọmọ nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe ń fọkàn balẹ̀, ó gbà á nímọ̀ràn títí ọmọkùnrin náà fi dìde lọ dúró sídìí fèrèsé. Ó wá yí sí ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ìyẹn náà gbé ìnulẹ̀ rẹ̀ lọ. Ló bá jáde sí ọgbà.

Nígbà tí igbe ọmọ sọ nínú yàrá, ọkọ ọmọ kúnlẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ jáde nínú aṣọ funfun, ọmọ tó ń ké, tó ń ju ẹsẹ̀, tó wà láàyè. Aránṣọ tẹ̀ lé e jáde, ojú rẹ̀ wú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ara ọmọbìnrin mi le o," ó ní. "Kò jọ̀wọ́ ọwọ́ mi àfi ìgbà tí ọmọ dé. Bàbá àgbà dà?"

Ọkọ ọmọ wo ìta láti ojú fèrèsé. Bàbá àgbà wà lẹ́nu géètì, nínú oòrùn, ó di ọ̀pá géètì mú, ó ń kọ́ aṣọ́bodè bí èèyàn ṣe ń ṣílẹ̀kùn láìfọwọ́ kàn án. Mọ́tò ti tò lọ rẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń fun fèrè.

"Dádì!" ọkọ ọmọ kígbe. "Ọmọ ti dé o! Ẹ wá wò ó!"

Ọkùnrin náà gbọ́. Kò wẹ̀yìn. Ó gbé ọwọ́ kan sókè pé kí wọ́n ní sùúrù, òun ò tíì parí ọ̀rọ̀ òun.

Nọ́ọ̀sì, tó ṣì gbé ọmọ lọ́wọ́, yíjú sí aránṣọ.

"Ẹ má pè é mọ́," aránṣọ wí. "Ẹ gbé ọmọ wọlé tọ ìyá ẹ̀ lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ níbí."